Apẹja tí ó dúró lórí omi

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá dúró, kò lè rí i. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orí omi, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀: àgbà gan-an ni ó ń dúró kí ó tó lè ríran. Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá ní Èkó láàárọ̀ kùtùkùtù lè rí wọn nínú ọ̀sà nísàlẹ̀: ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó nàró ṣánṣán, àwọ̀n wà léjìká rẹ̀. Kí ló dé tí kò jókòó? Kí ló dé tí kò ṣubú? Kí sì ni ó kan àwa ará Ojú Ore, tí a kò ní ọ̀sà lẹ́yìnkùlé, nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a ó dáhùn lónìí.

Púpọ̀ nínú àwọn apẹja wọ̀nyí jẹ́ Ẹ̀gùn, tí àwọn ènìyàn wọn tẹ̀ dó sí Makoko láti apá Badagry àti ilẹ̀ Benin. Àwọn Ìlàjẹ náà wà níbẹ̀, àwọn tí orírun wọn jẹ́ etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun èlò wọn kò pọ̀: ọkọ̀ kan, àjẹ̀ kan, ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀ abẹ́ omi níbi tí omi kò bá jìn, àti àwọ̀n. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀pá ti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, nítorí agbára ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, kì í ṣe ti apá nìkan.

Àwọn ẹ̀yà mìíràn ní ayé náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní erékùṣù Hawaii, àárín òkun Pàsífíìkì, àwọn tí wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń fi pátákó gun ìgbì omi a máa dúró lórí pátákó tiwọn, wọn a sì fi àjẹ̀ gígùn tu ú, kí wọ́n lè máa rí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn láàárín ìgbì. Láti nǹkan bíi ọdún 2000 ni àṣà náà ti tàn káàkiri ayé. Lónìí àwọn ènìyàn ń fi irú pátákó bẹ́ẹ̀ pẹja, wọ́n sì ń fi í mú akàn ní etí òkun. Ó máa ń gùn tó mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sábà fẹ̀ tó mítà kan, kò sì ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń dúró kò yàtọ̀: nítorí ojú ni.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan kan wò. Ẹ fi owó ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí kò ṣeé wò kọjá. Ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí etí abọ́ yóò fi bo owó náà, tí ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹlòmíràn rọra da omi sínú abọ́ náà. Owó tí ó ti sọnù yóò tún yọ! Owó kò kúrò níbi tí ó wà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ni ó tẹ̀ bí ó ti ń jáde nínú omi, ó sì mú kí owó dà bí ohun tí ó súnmọ́ òkè ju bí ó ti rí lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹja ń tan apẹja jẹ. Ibi tí ojú rò pé ẹja wà kọ́ ni ẹja wà. Bí ènìyàn bá jókòó, tí ó ń wo omi ní ọ̀ọ́kán, ẹ̀tàn náà á pọ̀, dídán ojú omi á sì tún fọ́ ọ lójú. Ẹni tí ó dúró ń wò ó láti òkè, ojú rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, ẹ̀tàn sì dín kù. Ṣùgbọ́n ìdúró ní gbèsè tirẹ̀: ẹni tí ó ga ni òjìji rẹ̀ ń gùn, ẹja a sì máa sá fún òjìji. Nítorí náà apẹja tí ó gbọ́n kì í jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn òun pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ń fi í sí, kí òjìji má baà ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́.

Báwo wá ni kò ṣe ṣubú? Ẹ wo ìyá tí ó ru igbá ọjà kọjá ní oríta wa. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, iwájú ni ó ń wò. Ọrùn rẹ̀ dúró gbọnin, ṣùgbọ́n orúnkún àti ìbàdí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ọgbọ́n orí omi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apẹja a ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì, a tẹ orúnkún díẹ̀, a sì gbé ojú rẹ̀ sókè. Bí ọkọ̀ bá fì sí ọ̀tún, orúnkún á gbà á, orí kò ní fì. Ẹni tí ó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-n-gan bí òpó, tí ó sì tẹjú mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, omi ni yóò fi parí ìrìn àjò náà.

Ìgbà tí ó bá kan àwọ̀n jíjù ni a mọ̀ pé ìdúró kì í ṣe fún ojú nìkan. Àwọ̀n yìí rí roboto, wọ́n sì to òjé wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Apẹja a so okùn rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́, a gbé apá kan àwọ̀n lé èjìká tàbí ìgbọ̀nwọ́, ẹlòmíràn a fi eyín di etí rẹ̀ mú, a wá yí ìbàdí, a sì jù ú. Bí ó bá jù ú dáadáa, àwọ̀n á là lófuurufú bí agboòrùn, gbogbo etí rẹ̀ á sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òjé á rì, ẹja tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ á há: ẹpíyà, ọ̀bọ̀kún, ohun tí Ọlọ́run bá fi ta á lọ́rẹ. Ìbàdí ni ó ń ṣí àwọ̀n. Ẹni tí ó jókòó kò ní ìbàdí tí yóò yí.

Akàn ní tirẹ̀ kì í fẹ́ àwọ̀n jíjù, sùúrù ni ó ń fẹ́. Akàn inú ihò wà ní etí omi, ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ ni akàn ọ̀sà tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá ni ó ní, bí a bá ka ọwọ́ ńlá méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ wo ẹsẹ̀ méjì tí ó gbẹ̀yìn: wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀. Òun náà, atukọ̀ ni! Láti mú un, a ó so orí ẹja mọ́ okùn pẹ̀lú òkúta, a ó sọ ọ́ sísàlẹ̀, a ó sì dúró. Nígbà tí okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a ó fà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé a kò fà á. Ọ̀kánjúwà akàn kì í jẹ́ kí ó tètè jọ̀wọ́ oúnjẹ. Ẹni tí ó dúró á rí i bí ó ti ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, á sì ti àwọ̀n kékeré onígi bọ abẹ́ rẹ̀ kí ó tó dé ojú omi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni apẹja fi ń ṣọ́ alákàn. Ẹ̀yìn ni kí a ti dì í mú, kí a sì sọ ọ́ sínú garawa tí ó ní ìdérí, pàápàá lórí pátákó tí kò ní ògiri. Akàn tí ó bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ òfìfo lè kọ́ni ní ijó tí a kò rò tẹ́lẹ̀.

Omi fúnra rẹ̀ ní àkókò. Nítorí òṣùpá àti oòrùn tí ń fa òkun, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bíi ìṣẹ́jú 50. Ìdí nìyí tí àkókò rẹ̀ fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Apẹja tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ dojú kọ ìṣàn omi nígbà tí ara rẹ̀ le, kí omi lè gbé e padà nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gun omi láìwọ ẹ̀wù tí ń gbéni léfòó, bí ó ti wù kí ó mọ ìwẹ̀ tó.

Nísinsìnyí, ẹ yí akàn dojú sókè. Ẹ ó rí ìdérí kan ní àyà rẹ̀: tóóró ni ti akọ, ti abo tí ó ti dàgbà a máa fẹ̀. Bí abo bá ní ẹyin, ẹ ó rí i lábẹ́ ìdérí náà bí kànìnkànìn, ó ń pọ́n bí ẹyin adìẹ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, ó sì ń dúdú bí ó bá kù díẹ̀ kí ó pa. Omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ ni ìyá náà ń wá lọ, kí àwọn ọmọ lè yè. Ẹyin wọ̀nyí kì í ṣe mẹ́wàá, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún: ọ̀kẹ́ àìmọye ni. Ẹ dá a padà sómi. Ẹni tí ó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ lónìí ti jẹ ọbẹ̀ ọdún tí ń bọ̀ mọ́ ọn.

Ìhà ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ojú Ore. Omi kì í dúró sójú kan. Odò Atuwara àti odò Owo ń gba agbègbè Ọ̀tà wa kọjá. Odò Owo ń ṣàn wọ ọ̀sà Ologe, ọ̀sà Ologe sì ṣí sí omi Badagry, tí ó so mọ́ ọ̀sà Èkó àti òkun. Nítorí náà epo ẹ̀ńjìnnì tí a dà sí kòtò ní Ṣàngó, ọ̀rá tí a sọ sí gọ́tà, àti omi ìdọ̀tí tí ilé-iṣẹ́ bá tú jáde láìṣe ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n lè bá omi dé ọ̀dọ̀ akàn yẹn àti ẹyin rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ìdúró kò lè fi hàn wá. Ní ìlú Minamata ní ilẹ̀ Jàpáànù, ilé-iṣẹ́ kan ń da omi ìdọ̀tí tí ó ní mẹ́kúrì sínú òkun. Mẹ́kúrì náà wọ inú ẹja àti akàn. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrì bí ẹni ń jó, wọ́n sì ń kú. Ní 1956 ni a kéde pé àrùn náà ti mú ènìyàn. Àwọn tí ìjọba gbà pé ó mú ju 2,000 lọ, a sì bí àwọn ọmọ mìíràn tòun tàrùn láti inú ìyá wọn. Àwọn apẹja ibẹ̀ ní ojú bíi tiwa. Wọ́n rí ẹja, ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí ó wà nínú ẹja.

Nítorí èyí ni òfin fi ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbi tí ojú bá pin sí. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti ní àjọ NESREA, tí ó wà fún kí òfin àyíká lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ sì wà lára ohun tí òfin náà kàn. Ó yẹ kí ará àdúgbò tí ó bá rí odò tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí ẹja tí ń léfòó lókùú, fi tó ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀ létí, kí ó sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rí i sílẹ̀. Mẹkáníìkì lè kó epo tí ó ti lò jọ sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tí ń rà á. Ọmọ ilé-ìwé lè sọ ọ̀rá omi rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí.

Apẹja tí ó wà lórí ọ̀sà ti ṣe tirẹ̀. Ó ti dúró, ó ti wo omi, ó ti dá abo ẹlẹ́yin padà. Ìyókù iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwa tí à ń gbé ní òkè odò, níbi tí kòtò ti bẹ̀rẹ̀.