Àìsàn ọpọlọ: Wọ́n ń tọ́jú orí, wọ́n gbàgbé ẹnu

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ wá síwájú dókítà fún àyẹ̀wò, àwọn ìbéèrè tí wọn yóò bi ẹbí rẹ̀ kì í ṣòro mọ̀. Ṣé ó ń sùn dáadáa? Ṣé ó ṣì ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́? Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé? Ṣé kò bá ẹnikẹ́ni jà? Bí ìdáhùn bá dára, inú dókítà yóò dùn, ìyá tó mú ọmọ wá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn yóò gba oògùn oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò sì gba ilé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà: "Jọ̀wọ́, la ẹnu kí n wo eyín rẹ."

Ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ yìí ti kó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Steve Kisely ti Yunifásítì Queensland ní Australia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì ìwádìí 25 jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Wọ́n fi ẹnu àwọn tó ju 5,000 lọ, tí wọ́n ní àìsàn ọpọlọ tó le, wé ẹnu àwọn tí kò ní in. Wọ́n rí i pé ewu kí ènìyàn di akáyín pátápátá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn aláìsàn náà. Eyín tó jẹrà, èyí tó ká àti èyí tí wọ́n ti dí sì pọ̀ lẹ́nu wọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Àìsàn ọpọlọ ni ìyà ńlá. Eyín ríro, èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹnu tó ń rùn àti oúnjẹ tí kò ṣeé jẹ mọ́ ni àwọn kékeré tó ń gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré yìí kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tó le máa ń kú ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, àti pé àìsàn ara tí ó ṣeé dènà ló ń pa púpọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí itọ́ bá gbẹ

Itọ́ kì í ṣe ohun ìdọ̀tí lásán. Òun ni omi tí Ẹlẹ́dàá dá sí ẹnu láti máa fọ eyín tọ̀sán-tòru. Ó ń ṣan èérún oúnjẹ kúrò, ó ń pa oró èròjà kíkan tí kòkòrò inú ẹnu ń ṣe jáde, ó sì ń dá èròjà tó ń mú eyín le padà fún eyín.

Ọ̀pọ̀ oògùn àìsàn ọpọlọ ló ń dí itọ́ lọ́wọ́. Amitriptyline tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára wọn. Largactil tí ó ti pẹ́ nílé ìwòsàn wa wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Artane, tí wọ́n máa ń fi kún oògùn mìíràn kí ara aláìsàn má baà le gan-an, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì máa gbọ̀n. Àwọn oògùn yìí ń dí iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ibi tí itọ́ ti ń sun. Bí ènìyàn bá lo méjì pọ̀ nínú wọn, ẹnu rẹ̀ lè gbẹ táútáú.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ yóò wá nǹkan tútù mu. Omi ìbá dára, ṣùgbọ́n mínírà ló máa ń wu ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn mìíràn á máa lá súìtì láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹnu wọn lè tutù. Lithium náà a máa mú kí òùngbẹ gbẹ ènìyàn gidigidi. Ìgò mínírà kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tó ju gíráàmù 25 lọ, bẹ́ẹ̀ nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2015, nǹkan bí gíráàmù 25 náà, ìyẹn ṣíbí ìpotíì mẹ́fà, ni ó dára jù kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́.

Àìsàn náà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò jẹ́ kí ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, níbo ni yóò ti rántí pákò? Ẹni tí oògùn alẹ́ ti kùn lóorun kò ní dúró fọ ẹnu kí ó tó sùn. Sìgá àti obì tí àwọn kan fi ń lé oorun oògùn náà kò ṣe eyín lóore, sìgá ní pàtàkì sì ń ba èrìgì jẹ́.

Oògùn tuntun bí olanzapine àti clozapine ní tiwọn lọ́tọ̀. Clozapine a máa mú kí itọ́ dà lẹ́nu aláìsàn lóru dípò kí ó gbẹ. Àwọn méjèèjì a máa mú kí ebi pa ènìyàn lápajù, ara á máa sanra, àtọ̀gbẹ sì lè wọlé. Àtọ̀gbẹ ń ba èrìgì jẹ́, èrìgì tó bàjẹ́ náà sì ń jẹ́ kí àtọ̀gbẹ ṣòro láti kápá. Nígbà tí eyín bá ti ká, aláìsàn kò lè rún ẹran, ẹ̀pà tàbí ẹ̀fọ́ mọ́. Búrẹ́dì, ẹ̀kọ àti gàrí tí wọ́n rẹ sómi pẹ̀lú ṣúgà ló kù fún un. Ara tún ń sanra sí i, ṣùgbọ́n kò rí èròjà aṣaralóore gbà.

Àwọn ni ayé fi kọ́gbọ́n

Ohun tó yẹ kí ó dun ènìyàn ni pé ara àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ gan-an ni aráyé ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa oúnjẹ àti eyín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní pellagra gbilẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ahọ́n ẹni tó bá mú á pọ́n, á sì máa ta á. Awọ ara rẹ̀ á máa bó, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, bó bá sì yá, orí rẹ̀ á dàrú. Ọ̀pọ̀ wọn ló kún ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Àwọn dókítà gbà pé àrùn tó ń ràn ni. Dókítà Joseph Goldberger kò gbà. Ní 1914 sí 1915, ó yí oúnjẹ àwọn aláìsàn kan padà ní ilé ìtọ́jú tó wà ní Milledgeville, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Dípò oúnjẹ tó jẹ́ pé àgbàdo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó fi mílíìkì, ẹran àti ẹ̀wà kún un, àrùn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín wọn. Ní 1937 ni wọ́n wá mọ̀ pé fítámì kan, niacin, ni ara wọn ń wá. Ẹnu, oúnjẹ àti ọpọlọ, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ nínú àrùn yẹn.

Ní Sweden, láti 1945, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní Vipeholm, ilé ìtọ́jú ńlá kan ní ìlú Lund tí wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé sí. Aláìsàn 436 ni wọ́n lò. Wọ́n fún àwọn kan ní ṣúgà mọ́ oúnjẹ. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní tọ́fì tí wọ́n dìídì ṣe kí ó lè máa lẹ̀ mọ́ eyín. Ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ 24 lójúmọ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Èsì tó jáde ní 1954 fi hàn pé ṣúgà tí ènìyàn jẹ mọ́ oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ba eyín jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí wọ́n ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn, ba eyín jẹ́ gan-an. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àwọn òbí ní Sweden nímọ̀ràn pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni kí ọmọ máa jẹ súìtì. Eyín àwọn aláìsàn Vipeholm ni ayé fi kọ́gbọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ọgbọ́n náà ń pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn jù.

Nígbà tí eyín bá ń sọ̀rọ̀ bí wèrè

Ewu mìíràn wà tí ẹbí gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lè má mọ bí yóò ṣe sọ pé eyín ń ro òun. Ó lè máa gbá ara rẹ̀ létí, kí ó máa pariwo lóru, kí ó kọ oúnjẹ, kí ó sì máa bínú sódì. Àwọn ará ilé á ní àìsàn náà ti padà dé. Wọ́n lè fi kún oògùn rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìgbààwẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé eyín kan ló ń jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó bí i ló yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀.

Ààwẹ̀ pàápàá gba ìṣọ́ra. Ẹni tó ń lo lithium, tí kò mu omi tó, lè mú kí oògùn náà di májèlé sí i lára. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láì tíì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà sì sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Oògùn lè mú kí ó ṣòro fún aláìsàn láti gbé oúnjẹ mì. Bí kò bá tún ní eyín, tó sì ń fi ìwàǹwára jẹun, oúnjẹ lè há a lọ́fun. Kí wọ́n gé ẹran àti iyán rẹ̀ kéékèèké, kí ó jókòó dáadáa, kí ẹnìkan sì wà nítòsí.

Ohun tí ẹbí lè ṣe

Ilẹ̀ Yorùbá ní ohun tí ó lè fi yangàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1954, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, wọ́n fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Láti ìgbà náà ni ìkòkò ọbẹ̀ ẹbí ti wà lára ìtọ́jú. Ó ku kí pákò náà dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí aláìsàn má já oògùn sílẹ̀ nítorí ẹnu gbígbẹ. Kí wọ́n sọ fún dókítà. Ó lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Kí omi wà nítòsí, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Rírun orín ata a máa mú kí itọ́ sun, ṣùgbọ́n kí ó tún fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó tó lo oògùn oorun. Bí kò bá fẹ́, kí wọ́n má fi ipá mú un. Kí ẹnìkan nínú ilé bá a fọ ti ara rẹ̀ níwájú dígí kan náà, ó máa ń ṣiṣẹ́ ju àṣẹ lọ.

Ní ti oúnjẹ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ àti ìbẹ́pẹ kò nílò eyín tó le, wọ́n sì ń ṣe ara lóore. Bí ohun dídùn bá wù ú, kí ó jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ, kí ó má jẹ́ láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn. Kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n sì mú orúkọ gbogbo oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà wà níbẹ̀, tàbí tí kò lè la ẹnu tàbí gbé nǹkan mì, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin tó ti wà láti ayé ìjọba òyìnbó. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n kò lè fọ eyín fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá bá tún mú ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò oṣù tó ń bọ̀, tí dókítà kò bá béèrè, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́: "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ẹnu rẹ̀."