Ẹ̀yin aboyún tó ń mu sìgá, ẹ má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì

Lọ́jọ́ tí aboyún bá lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, ìbéèrè tí wọ́n máa bi í kì í tán bọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù rẹ̀ gbẹ̀yìn? Oyún ẹlẹ́ẹ̀kelòó nìyí? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un rí? Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu nọ́ọ̀sì: "Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

Nọ́ọ̀sì lè máa rò pé èébú ni tóun bá béèrè. Aboyún náà kò ní dá a sọ, torí pé nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí wọ́n máa ń sọ obìnrin tó bá ń mu sìgá kì í ṣe orúkọ tó dáa. Ẹni tó bá ń mu ún á kúkú máa yọ́ ọ mu lẹ́yìnkùlé, á ju súìtì mínítì sẹ́nu, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni oyún á ṣe máa dàgbà, tí kò sì ní sí ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́.

Lóòótọ́, wọn ò pọ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní Global Adult Tobacco Survey, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2012, fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ọkùnrin, 10 ló ń lo tábà. Ti àwọn obìnrin jẹ́ nǹkan bíi 1 nínú 100. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹni 1 yẹn gan-an ló lóyún ńkọ́? Àwọn ọkùnrin 10 yẹn náà sì rèé, ọ̀pọ̀ wọn ló níyàwó nílé.

Kì í ṣe sìgá nìkan ni tábà. Aṣáà tí àwọn ìyá kan ń fín tàbí tí wọ́n ń fi sẹ́nu wà ńbẹ̀. Shisha tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà níbi àríyá náà wà ńbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ń sọ pé omi ti sẹ́ oró rẹ̀ kúrò. Irọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ẹni tó bá jókòó ti shisha fún wákàtí kan lè fa èéfín tó tó ìlọ́po 100 sí 200 ti ẹyọ sìgá kan.

Ohun tí èéfín ń ṣe fún ọmọ inú

Kò sí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ ìròyìn ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sùn, tí wọn ò sì jí mọ́. Carbon monoxide ni gáàsì tó ń pa irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Gáàsì yìí kan náà wà nínú èéfín sìgá. Ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ kéré, kò ní dá ẹni tó ń mu ún dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹ fojú inú wo ẹ̀jẹ̀ bí ọlọ́kadà tó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Tí carbon monoxide bá dé, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀kadà yẹn ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Tó bá ti jókòó, ọ́síjìn ò ráyè gùn. Ọmọ inú kì í sì í fi imú ara rẹ̀ mí. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá gbé dé ibi ọmọ, tí ìwọ́ sì gbé wọlé fún un, ni tirẹ̀.

Nicotine wà ńbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ń jẹ́ kí sìgá di bárakú. Òun máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, bí ìgbà téèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ họ́ọ̀sì omi. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ ti dín kù, ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá tún wá há.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ àwọn tó ń mu sìgá fi máa ń fúyẹ́ ju ọmọ àwọn tí kì í mu ún lọ, ní nǹkan bíi 200 gíráàmù ní ìpíndọ́gba. Àwọn kan máa ń sọ pé ìyẹn náà dáa, pé ọmọ kékeré á rọrùn láti bí. Ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn. Àìtó ọ́síjìn ló jẹ́ kó kéré, kì í ṣe àánú ìyá rẹ̀. Ọmọ tí kò bá tó kílò 2.5, òtútù máa ń tètè mú un, àìsàn sì máa ń tètè ràn án. Yàtọ̀ síyẹn, sìgá máa ń dá kún bíbí ọmọ kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé, kí ibi ọmọ já kúrò lára ilé-ọmọ kí àsìkò tó tó, kí ọmọ kú sínú, tàbí kí ìkókó tí ara rẹ̀ le kàn sùn kó má jí mọ́. Nílẹ̀ tiwa, tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ìyá ọkọ ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ fura sí.

Tí oyún bá ti dàgbà ńkọ́?

Ìbéèrè tí ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ máa ń bi ara rẹ̀ nìyí: "Ṣebí ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́?" Rárá o. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 2009, tí wọ́n fi obìnrin tó lé ní 2,500 ṣe ní New Zealand àti Australia, rí i pé àwọn tó jáwọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 15 kò yàtọ̀ sí àwọn tí kì í mu sìgá, tó bá kan bíbí ọmọ láìtọ́jọ́ àti bíbí ọmọ tó kéré jù.

Ẹni tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 15 náà ṣì lè jèrè. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì téèyàn bá fi sìgá sílẹ̀, carbon monoxide yẹn á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn sì ni ọmọ máa ń sanra jù nínú, torí náà jíjáwọ́ ní oṣù keje ṣì máa hàn lára rẹ̀.

Dídín in kù ńkọ́? Ó sàn ju kéèyàn má ṣe nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ẹni tó dín sìgá 10 kù sí 3 sábà máa ń fa mẹ́ta yẹn wọnú jinlẹ̀, á sì fà á dé ìdí.

Ohun mìíràn rèé tí àwọn èèyàn ò mọ̀: ara aboyún máa ń tètè lo nicotine tán ju ti ẹlòmíràn lọ. Bó bá mu ún tán báyìí, kò ní pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ á tún fi máa fà sí i. Nítorí náà, aboyún tí kò tíì lè jáwọ́ kì í ṣe olóríkunkun bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìrànlọ́wọ́ ló nílò.

Ìfàsí yẹn kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ tó fi máa ń rọlẹ̀. Kéèyàn mu omi, kó bó ọsàn, kó rìn jáde, kó pe ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Kó má sì gba iwájú kíóṣì tó ti máa ń rà á kọjá. Òfin ìṣàkóso tábà ti ọdún 2015 ka títa sìgá ní ẹyọ-ẹyọ léèwọ̀, àmọ́ ẹ wo ojú títì àdúgbò yín kí ẹ sọ bóyá àwọn tó ń tà á gbọ́.

Ti oògùn, kí aboyún má dá a rà. WHO kò fọwọ́ sí bupropion àti varenicline fún aboyún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń bímọ, wọ́n lè fún aboyún ní nicotine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí èyí tí wọ́n ń jẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù, àmọ́ ojú àwọn elétò ìlera ló máa ń wà lára rẹ̀. Níbẹ̀ náà, agbẹ̀bí máa ń ní kí aboyún fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn carbon monoxide. Kò yẹ kí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni nínú, torí gbogbo aboyún ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ọkọ ńkọ́?

Láti ọdún 2013 ni WHO ti ní kí àwọn elétò ìlera máa béèrè ọ̀rọ̀ tábà lọ́wọ́ gbogbo aboyún nígbàkúùgbà tó bá wá, kí wọ́n sì béèrè bóyá ẹlòmíràn ń mu ún nítòsí rẹ̀. Ọkọ tó dúró ti fèrèsé mu tirẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan, inú yàrá kan náà ni èéfín yẹn ń padà sí. Ìta gbangba ni, kì í ṣe inú mọ́tò. Èyí tó dáa jù ni kí àwọn méjèèjì jọ fi sílẹ̀, torí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń mu sìgá níwájú rẹ̀ kì í pẹ́ padà sídìí ẹ̀.

Aboyún tí ojú ń tì nítorí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, nígbà tó bá kan òun láti wọlé.

Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ tó ti jáwọ́ ló máa ń padà sí i. Nicotine máa ń gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ, síbẹ̀ kí ìyá tí kò tíì lè jáwọ́ má torí ẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn tó bá fún ọmọ lọ́mú tán ni kó mu ún, kì í ṣe kó tó fún un, kó sì jẹ́ níta. Ẹni tó bá sì ń mu sìgá nínú ìyá àti bàbá, kó má bá ìkókó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà.