Ṣé ẹ fẹ́ gbé jíìpù yín sókè nítorí ọ̀nà oko? Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, àwọn tó ń wa RAV4, Highlander tàbí Honda CR-V lọ sí oko àti abúlé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá mẹ́káníìkì tó máa bá wọn gbé ọkọ̀ sókè. Ọ̀nà ti di ẹrọ̀fọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ń ha ilẹ̀, ẹrù oko sì gbọ́dọ̀ dé ọjà. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe lè fi owó ṣòfò, ó sì lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti tàwọn ẹlòmíì wewu.

Kì í ṣe gbogbo jíìpù ló jẹ́ ọ̀kan náà

Lóòótọ́, jíìpù là ń pe gbogbo wọn, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ Land Cruiser tàbí Hilux. Àwọn yẹn ní férémù irin lábẹ́ tí wọ́n gbé bọ́dì lé lórí. RAV4, Highlander àti CR-V kò ní in, bọ́dì wọn gan-an ló ń ru ẹrù, bíi ti Camry. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà á. Gíga kò lè yí ìyẹn padà.

Kí ló dé tí táyà fi ṣáájú?

Táyà ọ̀nà ọ̀dà kì í ní eyín tó jinlẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ á dí i, á wá máa yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ A/T sí lára ló dára fún ẹni tó ń rin títì tó sì tún ń wọ oko: eyín rẹ̀ tóbi, àlàfo rẹ̀ fẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ M/T sí jẹ́ ti ẹrọ̀fọ̀ pọ́ńbélé. Ó máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń jẹ epo, kì í sì í tètè dúró bí títì bá tutù.

Ẹ wo nọ́ńbà ara táyà. Ọ̀pọ̀ RAV4 ọdún 2006 sí 2012 ń lo 225/65R17. Bí ẹ bá fi 235/65R17 sí i, táyà á fi mílímítà 13 ga sí i, ṣùgbọ́n mílímítà 6.5 péré ni ọkọ̀ máa fi gòkè. Nítorí náà, torí kí ọkọ̀ lè di ilẹ̀ mú lẹ ṣe ń pààrọ̀ táyà, kì í ṣe torí gíga. Èyí tó bá tóbi jù á máa ha inú bọ́dì tàbí ara ṣọ́kì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ sì pààrọ̀ pa pọ̀.

Tó bá jẹ́ táyà tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níwájú DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́?

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun sókè, ẹ yẹ ṣọ́kì àti sípíríǹgì wò. Nígbà míì, ọkọ̀ ọ̀hún kò kúrú, sípíríǹgì rẹ̀ ló ti rẹ̀. Èyí tuntun tó bá ọkọ̀ náà mu á dá gíga rẹ̀ padà.

Bí kò bá tíì tó, sípésà íńṣì kan lórí ṣọ́kì tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá gbé e kọjá íńṣì méjì, ṣáàfù á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà orí rẹ̀ á ya, gíríìsì á dà nù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kàká-kàká bí ẹ bá ń yí kọ́nà. Bọ́fà rọ́bà tí wọ́n ń kì sáàárín sípíríǹgì ńkọ́? Ó dín owó, àmọ́ ibi tó wà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, ìyókù ni yóò máa ru gbogbo ẹrù. Ọkọ̀ á le gbagidi, sípíríǹgì sì lè kán.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e sókè náà ni kí ẹ ṣe aláíǹmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní kí wọ́n tún iná iwájú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kó má baà máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ibi tí ewu wà gan-an

Nínú iyanrìn tàbí ẹrọ̀fọ̀, ẹ lè dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí nǹkan bíi géèjì 20, kí ẹ sì máa rìn jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e gun títì bẹ́ẹ̀. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́. Ẹ gbé pọ́ǹpù dání, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ náà dé iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ rántí pé ọkọ̀ tó bá ga sí i máa ń tètè dojú dé, torí náà ẹ dín eré kù ní kọ́nà.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ tò ó báyìí: ẹ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ti gbó ṣe, ẹ ra táyà, ẹ fi páànù tó le bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ronú sípésà. Ọ̀pọ̀ ló máa ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì rí i pé àwọn kò nílò ìkẹrin mọ́.