Ta Ló Ni Ìsọ̀ Yìí? Ẹgbẹ́ Ọjà Lè Gba Obìnrin Lọ́wọ́ Ìyà

  Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tó ti pẹ́, mo ní kí n bá yín sọ ọ́ lónìí.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí wa wá sí ọjà. Kì í ṣe ẹlùbọ́ ni wọ́n wá rà. Ìsọ̀ ìyá mi ni wọ́n wá gbà. "Ta ló ni ìsọ̀ yìí?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bèèrè. Ìyá mi ní òun ni. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá fa ìwé kan yọ nínú àpò agbádá. Rìsíìtì tí káńsù já lọ́jọ́ tí wọ́n ra ìsọ̀ náà ni. Orúkọ bàbá mi ló wà lórí rẹ̀ gbàgàdà.

Bẹ́ẹ̀ owó ẹlùbọ́ ni ìyá mi fi ra ìsọ̀ náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù, ó bẹ bàbá mi pé kó bá òun lọ, nítorí àwọn akọ̀wé káńsù kì í fẹ́ dá obìnrin lóhùn. Bàbá mi kò ní in lọ́kàn láti rẹ́ ẹ jẹ o. Ó kàn kọ orúkọ ara rẹ̀ bí àwọn ọkọ mìíràn ti ń ṣe nígbà náà ni. Àmọ́ ikú kì í dúró kí èèyàn tún ìwé kọ.

Ẹ má sì gbàgbé bí àṣà wa ti rí. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ló ń jogún bàbá, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ìyàwó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà. Bí ìsọ̀ bá ti jẹ́ ti ọkọ lórí ìwé, tí ọkọ sì kú, ìyàwó ti di àlejò nídìí ọjà ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ bá kéré, ẹbí á ní àwọn fẹ́ bá a tọ́jú ogún rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí.

Kí ló wá gba ìyá mi? Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe lọ́yà. Ìwé owó ẹgbẹ́ ni! Ìyálọ́jà ní kí gbogbo wọn jókòó. Ó rán ọmọ lọ mú ìwé ńlá tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ń kọ owó ọ̀sẹ̀ wá. Wọ́n ṣí i láti ọdún àkọ́kọ́. Orúkọ ìyá mi ló wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló ń san owó ọjà. Òun náà ló san owó páànù lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé. Ìyálọ́jà wá ní, "Ẹni tí ìwé ẹgbẹ́ mọ̀ làwa mọ̀." Bí wọ́n ṣe dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ bá ìyá mi dé káńsù, wọ́n sì yí orúkọ padà.

Ìdí rẹ̀ tí mo fi sọ ìtàn yìí ni pé bí wọ́n bá ti ń sọ pé kí ẹ̀tọ́ obìnrin àti ọkùnrin dọ́gba, Àbújá la máa ń wò. Òótọ́ ni pé òfin ńlá Nàìjíríà ti 1999, ní abala 42, sọ pé kí wọ́n má fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Òfin náà dára. Àmọ́ òfin kì í jí wá sí ọjà láago mẹ́fà àárọ̀. Ẹgbẹ́ ló ń wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ló mọ ẹni tó ń jókòó síbi, ẹni tó ń san owó, ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ.

ÀWỌN ÌYÁ WA TI ṢE É RÍ

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa o. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko l'Ékòó, kò kàwé. Àmọ́ òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó. Wọ́n ń dá owó, wọ́n fi gba akọ̀wé tó mọ̀wé, wọ́n sì ń fi san owó lọ́yà. Ní 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, àwọn obìnrin kóra wọn jáde, wọ́n rìn lọ bá ìjọba ní ọ́fíìsì. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé £50 náà lọ sí £200.

Ẹ wo Abẹ́òkúta náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin ọjà. Nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union. Olówó àti tálákà, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Wọ́n bá ìjọba ìbílẹ̀ fà á lórí owó orí títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Jánúárì 1949, kó tó tún padà sórí ìtẹ́ ní 1950. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì rí àyè nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Kí ni agbára wọn? Owó ẹgbẹ́, ìwé tí wọ́n ń kọ, àti ẹnu kan. Ohun mẹ́ta yìí wà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lónìí.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Èkíní ni orúkọ. Kí ẹgbẹ́ ní ìwé tí orúkọ ẹni tó ń jókòó sí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó fẹ́ kó gba ìsọ̀ náà lẹ́yìn òun. Bí káńsù bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun, kí ẹgbẹ́ kéde rẹ̀ sétí gbogbo ọjà lọ́jọ́ kan náà, kó má jẹ́ pé lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti tán làwọn obìnrin á gbọ́.

Èkejì ni owó. Èésú àti àjọ dára, àmọ́ wọn kì í sábàá tó ra ẹ̀rọ ìlọta ńlá tàbí kún ṣọ́ọ̀bù. Báńkì á sì béèrè ìwé ilẹ̀ tàbí onídùúró. Ẹgbẹ́ lè di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kó sì dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ owó san. Ní ìlú Ahmedabad ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, Ela Bhatt dá ẹgbẹ́ SEWA sílẹ̀ ní 1972 fún àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ara wọn, àwọn tí ń kiri ọjà àti àwọn alágbàrù. Ní 1974, obìnrin 4,000 dá rupee 10-10, wọ́n fi dá báńkì tiwọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè kọ orúkọ ara wọn.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́. Kí ló dé tó jẹ́ pé télọ̀ àti onídìrí nìkan là ń fi ọmọbìnrin kọ́? Ó yẹ kó rí àyè níṣẹ́ mẹkáníìkì, wẹ́dà àti iná mànàmáná. Sandra Aguebor tó jẹ́ mẹkáníìkì dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ l'Ékòó ní 2004, ó sì ti ibẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin níṣẹ́ ọkọ̀. Àmọ́ òbí ò ní fi ọmọ síbi tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí. Kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú òfin pé ọ̀gá tó bá fọwọ́ kan ọmọ iṣẹ́ lọ́nà àìtọ́, ẹgbẹ́ á fà á lé ìjọba lọ́wọ́, wọn á sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Kí obìnrin wà lára àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sì bímọ, kó lè padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀ kó sì gba fìrídọ́ọ̀mù bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àwọn ìyá wà tí kì í mu omi láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ tọ̀ sí. Àìsàn ni wọ́n ń fi ra. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní omi àti kọ́kọ́rọ́, àti ibòji kan tí ìyá ọlọ́mọ lè ti fún ọmọ lọ́mú, owó ẹgbẹ́ tó o ṣe bí wọ́n bá dín owó àríyá ọdún kù díẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ipò. Nínú ẹgbẹ́ tí ọkùnrin àti obìnrin jọ wà, obìnrin á dá owó, obìnrin á se oúnjẹ ìpàdé, ọkùnrin á di àpò mú. Kí ọ̀kan nínú àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé báńkì jẹ́ obìnrin. Kí wọ́n má sì fi ìpàdé sí aago mẹ́jọ alẹ́ tí obìnrin wà nídìí ààrò.

KÁ MÁ TAN ARA WA

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá mi sọ òótọ́ kan, ẹ dákun ẹ má bínú. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ló ń ni obìnrin lára. Àwọn olórí ọjà kan wà tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé igbá tòmátì obìnrin àlejò torí pé kò tíì wọ ẹgbẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó tí wọn kì í já rìsíìtì. Ẹgbẹ́ tí kò bá ṣírò owó níwájú ọmọ ẹgbẹ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ìwé owó ọjà ìyá mi bá ti sọnù, tàbí tí wọn ò kọ ọ́ rárá, ibo ni à bá wà lónìí?

Ẹ̀yin bàbá wa náà, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó yín lé yín lórí. Bàbá mi kò fẹ́ kí ìyá mi jìyà, àmọ́ ìwé tó kọ kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìsọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà yẹn ló san owó ilé ìwé èmi àti àbúrò mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Ọmọ bàbá mi la jẹ́, ọmọ ẹbí yẹn náà la jẹ́.

Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àbúrò mi obìnrin ló jókòó síbẹ̀. Kí ó tó já ìwọ̀n ẹlùbọ́ àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ ti wà lórí rìsíìtì.

Nítorí náà, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wá rìsíìtì ìsọ̀ yín jáde, ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa. Ẹ sọ fún wa: orúkọ ta lẹ bá níbẹ̀? Kí sì ni ẹgbẹ́ tiyín ń ṣe sí i?