Ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ àti Agbára Eléré Ìdárayá: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó Mọ̀

Láti ọdún 2016 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń jáde sí ojú títì Èkó nínú oṣù Kejì ọdún láti sá eré Márátọ̀nì, tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 42. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ẹ ó máa rí wọn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n ń sáré ìgbáradì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá, irú àwọn tí ilé ìwòsàn ń wá pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá bá wọn sọ ọ̀rọ̀ náà, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn kò fẹ́ kí agbára àwọn dínkù.

A kò ní tan yín: ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Òótọ́ ni pé agbára eléré máa ń rẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ṣùgbọ́n ìdínkù náà ní iye ọjọ́ tí ó ń lò, ẹni tí ó bá sì mọ iye ọjọ́ náà lè fi ètò sí i, kí ó gba ẹ̀mí là, kí ó sì tún sá eré rẹ̀ bí ó ti fẹ́.

Kí ni ó ń jáde, báwo ni ó sì ṣe ń padà?

Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 450, ó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun mẹ́ta tí ó kan eléré ni ó ń bá a jáde. Èkíní ni omi inú ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì pupa, tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo iṣan ara. Ẹ̀kẹta ni èròjà irin, tí ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Èyí tí ó ń jáde nínú rẹ̀ tó mìlígíráàmù 200 sí 250.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń padà, ṣùgbọ́n wọn kì í padà lọ́jọ́ kan náà. Omi ni ó ń kọ́kọ́ dé. Bí ènìyàn bá mu omi dáadáa, ara yóò ti rọ́pò rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kíndìnrín bá ti fura pé ọ́síjìn tí ó ń dé ọ̀dọ̀ òun dínkù, yóò ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, sẹ́ẹ̀lì tuntun yóò ti gba ipò àwọn tí ó jáde, bí irin bá wà nílẹ̀ tí ara yóò fi ṣe é.

Irin yìí gan-an ni ó ń kẹ́yìn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé àwọn olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ tí wọ́n lo oògùn irin ní ìwọ̀nba lójoojúmọ́ rí ọ̀pọ̀ jù nínú agbára ẹ̀jẹ̀ wọn gbà padà láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nínú àwọn tí kò lò ó, ó gba ẹlòmíràn ju oṣù méjì lọ. Àwọn tí irin ara wọn kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ sì lò tó oṣù márùn-ún.

Ta ni yóò mọ̀ ọ́n lára jù?

Ọ́síjìn ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́ nínú eré tí ó gùn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sá eré ọ̀nà jíjìn, ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́, òmùwẹ̀ àti agbábọ́ọ̀lù lè kíyèsí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ọkàn wọn ń yára lù, èémí wọn sì ń tètè kúrú. Eré tí wọ́n ń sá wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ yóò dà bí ẹni pé ó le sí i. Ẹni tí ó ń sá eré mítà 100 tàbí tí ó ń gbé irin kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé eré tí ó ń parí kíákíá kò gbára lé ọ́síjìn púpọ̀. Ẹni tí ó kàn ń rìn tàbí tí ó ń sáré pẹ̀lẹ́ fún ìlera lè má rí ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Báwo ni kí a ṣe padà sẹ́nu ìgbáradì?

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ẹ mu omi púpọ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ náà sinmi. Ẹ má ṣe fi apá tí a ti gba ẹ̀jẹ̀ gbé ẹrù wúwo. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lè rìn. Ní ìyókù ọ̀sẹ̀ náà, ẹ lè sáré pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì yẹra fún oòrùn ọ̀sán. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè padà sí ìgbáradì tí ó le. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní irin nínú. Ọsàn tàbí ata tútù ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ sì ń dí i lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo oògùn irin láìgba ìmọ̀ràn oníṣègùn. Obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù, tí ó sì ń sáré, ni ó yẹ kí ó kíyèsára jù, nítorí ọ̀nà tí irin ń gbà kúrò lára rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Ìgbà wo ni ó dára jù?

Ẹni tí ó bá fẹ́ sá Márátọ̀nì oṣù Kejì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ òun kọjá ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Bí àkókò náà bá ti kọjá, kí ó dúró di ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn eré, nígbà tí ara bá ti sinmi. Ọkùnrin lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó sì wọ̀n tó kìlógíráàmù 50 ó kéré tán. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá tó, wọn kò ní gbà á.

Bí ìpè pàjáwìrì bá dé ní ọ̀sẹ̀ ìdíje ńkọ́? Kí a kọ́kọ́ wá ẹlòmíràn tí kò ní sá eré. Bí kò bá sí, ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sá eré líle ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí eré ọdún yìí bá kọjá, ti àmọ́dún ń bọ̀. Ẹ̀mí tí ó bá lọ kì í padà.

Ohun tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé orí pàjáwìrì ni pé kí ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò lè dúró kí ẹbí rẹ̀ máa wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu káàkiri ìlú. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà kì í sì í pẹ́ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lọ nínú ẹ̀rọ amóhuntutù, nítorí náà a nílò rẹ̀ yípo ọdún. Ẹgbẹ́ asáré lè pín ara wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní oṣù tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ni Àyájọ́ Àwọn Olùfẹ̀jẹ̀tọrẹ Lágbàáyé. Ó bọ́ sí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn Márátọ̀nì Èkó, ó sì ku nǹkan bí oṣù mẹ́jọ kí òmíràn tó dé. Fún ẹni tí ń sáré ní Èkó, ọjọ́ náà dára láti fi bẹ̀rẹ̀. A rọ̀ yín kí ẹ lọ sí ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní àdúgbò yín.