Ijó Orí Yìnyín: Òfin, Ọgbọ́n àti Àrà Tuntun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá gbogbo iṣẹ́ ọnà mu, ṣùgbọ́n ó bá ijó orí yìnyín mu lọ́nà tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò, nítorí pé òfin pọ̀ nínú ijó yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó fi àrà tuntun la ọ̀nà mìíràn níbẹ̀ kò kéré níye.

Ní Ikùn-Àkókó, àti ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà tí ó wà nítòsí, yìnyín tí ojú mọ̀ kò ju èyí tí ń bá òjò bọ́ sórí páànù lọ, tàbí omi dídì inú ọ̀rá tí àwọn ọlọ́jà fi ń mú ohun mímu tutù. Ní ilẹ̀ òtútù, odò a máa dì gbagidi títí ènìyàn yóò fi lè rìn lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti kọ́ láti wọ bàtà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì máa yọ̀ lọ geere. Nígbà tí ó yá, eré di ijó, ijó di ìdíje, ìdíje sì bí òfin.

Bí ìdíje náà ti rí

Oníjó lè dá jó. Ọkùnrin àti obìnrin sì lè jọ jó. Oríṣi ijó ẹni méjì kan kún fún fífò àti gbígbé ara ẹni sókè. Èkejì gbára lé ìrìn ẹsẹ̀ àti bí ara ti ń bá orin lọ. Èyí ni ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní 1976. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì mẹ́fà ni ó ga jù lọ. Adájọ́ kọ̀ọ̀kan a máa fúnni ní máàkì méjì: ọ̀kan fún ìmọ̀ iṣẹ́, èkejì fún ẹwà iṣẹ́. Orí máàkì kejì yìí ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí. Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé nǹkan báyìí ni ẹwà?

Àwọn tí ó la ọ̀nà

Jackson Haines, oníjó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú orin àti ijó báléètì wọ inú eré yìí. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò kà á kún, nítorí pé ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí ènìyàn le ara gan-n-gan, kí ó sì fi irin bàtà ya àwòrán tí ó gún régé sórí yìnyín. Láàárín 1860 sí 1870, ó kọjá sí Yúróòpù, àwọn ará Vienna sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní 1902, Madge Syers, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àgbáyé tí ọkùnrin nìkan ti ń lọ. Ìwé òfin kò sọ níbì kankan pé obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Syers díje, ó sì ṣe ipò kejì sí Ulrich Salchow ará Swídìn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tí ó yọ obìnrin kúrò. Ṣùgbọ́n ní 1906 wọ́n dá ìdíje sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, Syers náà ni ó sì kọ́kọ́ borí nínú rẹ̀.

Ní ti John Curry, ará Birmingham, inú ilé ni ìdènà tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ ijó báléètì, bàbá rẹ̀ sì kọ̀, nítorí pé lójú rẹ̀ ijó kò yẹ ọmọkùnrin. Eré yìnyín kò burú lójú bàbá, nítorí pé eré ìdárayá ni wọ́n kà á sí. Báyìí ni Curry ṣe gbé ijó tí a fi dù ú gun orí yìnyín. Ní 1976, òun ni ó gba ipò kìn-ín-ní ní ìdíje Yúróòpù, ní Òlíḿpíìkì àti ní ìdíje àgbáyé.

Ijó Bolero

Èyí tí ó lókìkí jù lọ ni ti Jayne Torvill àti Christopher Dean, àwọn ará Nottingham. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni Torvill tẹ́lẹ̀. Ọlọ́pàá ni Dean. Ní February 14, 1984, ní Sarajevo, wọ́n jó sí orin Bolero tí Maurice Ravel ará Faransé kọ ní 1928. Àṣà àwọn oníjó nígbà náà ni láti so oríṣiríṣi orin pọ̀, kí ọ̀kan yára, kí òmíràn falẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni àwọn wọ̀nyí mú. Ìlù inú rẹ̀ kì í yí padà, gẹ́gẹ́ bí gúdúgúdú ti ń dún lójú kan nígbà tí ìyáàlù ń sọ tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni ó ń ròkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bú jáde.

Òfin sọ pé ijó náà kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Bí ó ti wù kí wọ́n gé orin yìí tó, kò dín ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 28. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó sọ pé ìgbà tí irin bàtà bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lórí yìnyín ni aago yóò bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, orí eékún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ijó. Fún ìṣẹ́jú àáyá 18, apá àti ara òkè ni wọ́n fi jó, kí irin bàtà tó kan yìnyín. Ẹni tí kò mọ òfin dájú kò lè rí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò sì ní ọgbọ́n ọnà kò lè sọ ọ́ di ẹwà. Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ó fún wọn ní mẹ́fà fún ẹwà iṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn tún fún wọn ní mẹ́fà fún ìmọ̀ iṣẹ́.

Àrà tí adájọ́ kọ̀

Kì í ṣe gbogbo àrà ni ó ń rí ojúure. Ní 1976, Terry Kubicka ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ta òkìtì sẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ fi òfin dè é. Ní 1998, ní Nagano ní ilẹ̀ Jàpáànù, Surya Bonaly, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń díje fún ilẹ̀ Faransé, ta òkìtì náà, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Ó ti farapa, ó sì mọ̀ pé àmì-ẹ̀yẹ ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ipò kẹwàá ni ó ṣe. Ní 2024, àwọn aláṣẹ yọ òkìtì yìí kúrò lára ohun èèwọ̀. Ọdún 26 ni ó gba òfin kí ó tó bá Bonaly.

Ìgbà kan sì wà tí àwọ̀ ara pàápàá jẹ́ ìdènà. Láàárín 1930 sí 1940, wọn kò jẹ́ kí Mabel Fairbanks wọ gbàgede yìnyín ní New York nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1988, Debi Thomas gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù.

Ìlù ta ni?

Ọ̀ràn kan kù tí ó kan ilé. Ní 1988 kan náà, Isabelle àti Paul Duchesnay, ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n ń díje fún Faransé, jó ijó kan tí ìlù gba iwájú nínú orin rẹ̀. Máàkì àwọn adájọ́ kò bára mu, ipò kẹjọ ni wọ́n sì ṣe. Ìgboyà wà nínú ijó náà. Ṣùgbọ́n Savage Rites ni orúkọ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ètùtù àwọn ará ìgbẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹsẹ̀ oníjó bàtá ti ń dáhùn ọ̀rọ̀ tí ìlù sọ mọ̀ pé ìlù kì í ṣe ohùn ìgbẹ́. Èdè ni, òfin tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ní 2010, Oksana Domnina àti Maxim Shabalin, ará Rọ́ṣíà, mú ijó àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà lò. Àwọn aṣáájú láàárín àwọn onílẹ̀ náà fi ẹ̀hónú hàn pé wọ́n ba àṣà àwọn jẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ mú lò hàn nínú gbogbo èyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àrà tuntun wá, ìbá à ṣe nínú ijó, nínú ewì tàbí nínú àwòrán, kí olùkọ́ má kọ́kọ́ mú pẹ́ńsù pupa. Kí ó bi í pé: ǹjẹ́ o mọ òfin tí o yà kúrò nínú rẹ̀? Kí ni ìyà-kúrò yìí sọ tí ọ̀nà àtijọ́ kò lè sọ? Bí ohun tí ó mú lò bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, ǹjẹ́ ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ni ín?

Láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀nà mìíràn rọ́pò máàkì mẹ́fà nínú ìdíje àgbáyé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń wo Bolero, wọ́n sì ń wo òkìtì Bonaly. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.