Ọkọ̀ wo ló yẹ kí èèyàn fi gbé alùpùpù lọ síbi ìdíje? Ọ̀rọ̀ rèé fún ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi alùpùpù sáré ìdíje kì í sábà kọ́kọ́ ronú nípa ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti táyà ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀, àti bí yóò ṣe gba ipò kìn-ín-ní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, alùpùpù lè bàjẹ́ kó tó fojú kan pápá, kì í ṣe pé ẹni tó ni ín kò mọ̀ ọ́n gùn, bí kò ṣe pé ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé e kò bá a mu, tàbí pé okùn tí wọ́n fi dì í kò ká a lápá. Àwọn àgbà ní ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ ìdíje alùpùpù kò yàtọ̀ sí èyí.

Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Inísà àti Òkukù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, Òkukù sì ni olú ìlú ibẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà tó ti Òṣogbo lọ sí ọ̀nà Ọ̀ffà ni àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Ìdíje alùpùpù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ní agbègbè náà, nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kópa níbẹ̀ gbọ́dọ̀ múra láti gbé alùpùpù rẹ̀ rìnrìn àjò. Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn o. Ó kan ẹni tó ra alùpùpù tuntun ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, àti ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, àwọn kan lára àwọn ọlọ́kadà ní láti di alùpùpù wọn mọ́nú ọkọ̀, kí wọ́n sì kó o kúrò níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ní láti mọ ọkọ̀ tó yẹ.

Ohun tó wà nínú ewu kò kéré. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, alùpùpù tí wọ́n fẹ́ fi díje lọ́jọ́ Sátidé náà ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Àwọn mìíràn kò tíì san owó rẹ̀ tán lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún wọn. Bí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, gbèsè yóò wà nílẹ̀, iṣẹ́ yóò sì ti bọ́.

Ìbéèrè tí àwọn kan yóò kọ́kọ́ bi ni pé, ṣebí ẹsẹ̀ ni alùpùpù fúnra rẹ̀ jẹ́, kí ló dé tí ẹni tó ni ín kò ní í gùn ún lọ? Bí ó bá jẹ́ láti Òkukù sí Inísà ni, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìrìn àjò bá jìn, ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Táyà tí wọ́n ṣe fún ìdíje orí ilẹ̀ ní eyín gíga tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀. Ojú títì ọlọ́dà máa ń tètè jẹ eyín náà. Ọ̀pọ̀ alùpùpù ìdíje ni kò ní iná, tí kò sì ní nọ́ńbà, òfin kò sì gbà kí irú rẹ̀ máa rìn lójú pópó. Ẹni tó bá gun alùpùpù fún wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti rẹ̀ kó tó dé ibi tó fẹ́ fi agbára hàn. Èyí tó wá burú jù ni pé, bí ó bá ṣubú níbi ìdíje, tí alùpùpù sì dá iṣẹ́ sílẹ̀, kí ni yóò gùn padà sílé?

Ìdí rèé tí àwọn tó ń díje káàkiri àgbáyé fi ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé tiwọn. Nígbà tí ìdíje Paris sí Dakar bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1978, àwọn alùpùpù pàápàá sáré gba inú aṣálẹ̀ Sahara wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tẹ̀ lé wọn, tó ń kó táyà, irinṣẹ́ àti mẹkáníìkì, di apá kan ìdíje náà. Ìyẹn fi hàn pé ọkọ̀ tó ń bẹ lẹ́yìn ṣe pàtàkì bí alùpùpù tó ń bẹ níwájú.

Kí èèyàn tó yan ọkọ̀, ó yẹ kó mọ ẹrù tó fẹ́ gbé. Alùpùpù tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 100 sí 120, gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìdíje orí ilẹ̀ lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn ńlá tó ń sáré lórí ọ̀dà lè wọn tó kìlógíráàmù 200. Kí ẹni tó fẹ́ háyà ọkọ̀ mú okùn ìwọ̀n, kó wọn gígùn alùpùpù àti gíga rẹ̀ dé ibi ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, kó sì wọn inú ọkọ̀ bákan náà, kó má ṣe fojú díwọ̀n.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni píkọ́ọ̀pù. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ní ìjókòó iwájú nìkan, bíi Peugeot 504 àtijọ́ tàbí Toyota Hilux onílẹ̀kùn méjì, máa ń ní ẹ̀yìn tó gùn. Ti Hilux onílẹ̀kùn méjì tó nǹkan bíi mítà 2.3, nítorí náà alùpùpù yóò wọ inú rẹ̀ tán, wọn yóò sì lè ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èyí tó ní ìjókòó iwájú àti ti ẹ̀yìn dára láti gbé èèyàn, ṣùgbọ́n ibi ẹrù rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ. Bí wọ́n bá gbé alùpùpù sí i, táyà ẹ̀yìn yóò jókòó lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀, tàbí kí ó yọ síta. Ẹ̀wọ̀n tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ilẹ̀kùn náà mú ni yóò wá máa ru lára ìwúwo yìí nínú gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá wọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́wà kọ́ ni kí èèyàn háyà, bí kò ṣe ẹni tí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ gùn.

Ìkejì ni bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, irú bíi Toyota HiAce tàbí Peugeot J5. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Òjò kò ní í pa alùpùpù, olè kò ní í rí i, irinṣẹ́ àti táyà yóò wà lábẹ́ ìbòrí, èèyàn sì lè sun inú rẹ̀ mọ́jú bí ìdíje bá gba ọjọ́ méjì. Àmọ́ òrùlé àwọn mìíràn kò ga tó, ọwọ́ alùpùpù kì í sì í kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti epo bẹntiróòlù. Bí alùpùpù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, epo lè máa jò láti inú kabúrétọ̀. Nínú píkọ́ọ̀pù, afẹ́fẹ́ yóò gbé òórùn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, òórùn náà yóò kóra jọ, iná kékeré kan ló sì kù tí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbiná. Nítorí náà, kí wọ́n ti ẹnu epo, kí wọ́n fa èyí tó pọ̀ jù nínú táǹkì kúrò, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá.

Ìkẹta ni ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bíi Canter. Ó dára bí alùpùpù bá tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí owó rẹ̀ yóò pín. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ ga, gbígbé alùpùpù gùn ún sì gba ọ̀pọ̀ ọwọ́. Bí ó bá sì ń kó ẹrù mìíràn pọ̀, kí ẹni tó ni alùpùpù ri i dájú pé àpò ìrẹsì tàbí pákó kò ní í ya lu tirẹ̀.

Ìkẹrin ni kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí alùpùpù bá bàjẹ́ ní Inísà, tí mẹkáníìkì sì wà ní Ìkìrun, kẹ̀kẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Kò yẹ fún ọ̀nà jíjìn, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, bíréèkì rẹ̀ kò sì lágbára tó láti dá ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kórópe náà kò yẹ, nítorí inú rẹ̀ há.

Èyí tó yẹ kí gbogbo èèyàn sá fún ni àṣà dídi alùpùpù sórí òrùlé bọ́ọ̀sì akérò, tàbí fífi í sí búùtù takisí tí ìdajì rẹ̀ wà níta. Kìlógíráàmù 110 lórí òrùlé máa ń mú kí ọkọ̀ fẹ́ dojú dé ní kọ́nà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gidigidi, agbára tí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ yóò fi ti ara rẹ̀ síwájú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwúwo kìlógíráàmù 90. Bí okùn bá já, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn tàbí èrò tó jókòó ni yóò fara gbá a. Láti ọdún 1977, nígbà tí àwọn ìlú mẹ́ta yìí ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní ìpínlẹ̀ náà. Àjọ FRSC tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 sì ka ẹrù àpọ̀jù sí ẹ̀ṣẹ̀ títí di òní.

Bí wọ́n bá ti yan ọkọ̀, ọ̀nà tí wọn yóò gbà gbé alùpùpù gòkè ló kàn. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 sílẹ̀. Bí pákó tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn bá jẹ́ mítà 1.5 péré, yóò dà bí ẹni ń gun ògiri. Bí ó bá jẹ́ mítà 2.4, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ yóò rọrùn. Kí pákó náà nípọn, kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ kó má baà yọ̀. Èèyàn méjì ni kó tì í gòkè, ọ̀kan níbi ọwọ́, ọ̀kan lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gùn ún wọlé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Ẹ̀yìn náà ni dídì. Kí táyà iwájú fara ti ògiri ọkọ̀ tàbí pákó tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi bẹ́líìtì méjì tó lágbára fa ọwọ́ alùpùpù sísàlẹ̀ àti síwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí ṣọ́ọ̀kì iwájú yóò fi wọlé dé nǹkan bí ìdajì. Bí wọ́n bá fà á jù, rọ́bà inú ṣọ́ọ̀kì lè bẹ́, kí òróró máa jò. Kí wọ́n fi méjì mìíràn di ẹ̀yìn, kó má baà máa ta sọ́tùn-ún sósì. Rọ́bà táyà tí wọ́n là, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń di ẹrù, máa ń fà gùn, nítorí náà kò yẹ kí òun nìkan di alùpùpù mú. Kí jíà wà ní ìkíní, kí ẹsẹ̀ ìdúró ẹ̀gbẹ́ wà lókè, nítorí bí alùpùpù bá ń ru lórí rẹ̀, ó lè tẹ̀.

Owó náà ṣe pàtàkì, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí ibi ìdíje bá jẹ́ 100 kìlómítà, tí píkọ́ọ̀pù sì ń jẹ lítà 12 ní 100 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ yóò jẹ lítà 24. Fún ẹnì kan, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá ti Òkukù wá, tí ọ̀kan dúró dè é ní Inísà, tí ẹ̀kẹta sì wà ní Ìkìrun, lítà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni yóò kan oníkálukú. Alùpùpù fúnra rẹ̀ ìbá jẹ tó lítà mẹ́rin sí márùn-ún. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ba táyà àti ara rẹ̀ jẹ́. Àmọ́ kí wọ́n rántí wọn fífẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, nítorí kì í ṣe gbogbo píkọ́ọ̀pù ló lè gba alùpùpù mẹ́ta láìfara gbún ara wọn. Bí kò bá gbà ju méjì lọ, bọ́ọ̀sì tó gùn tàbí Canter ni kí wọ́n jọ háyà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rà á nítorí ìdíje nìkan. Kó bi ara rẹ̀ pé iṣẹ́ wo ni yóò ṣe ní àwọn ọjọ́ tó kù. Bí ilé bá ń kó iṣu, gbágùúdá tàbí àgbàdo lọ sọ́jà, píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn méjì ló yẹ é. Bí ó bá jẹ́ èrò ni wọ́n ń gbé, bọ́ọ̀sì ni, kí wọ́n kàn rántí pé lẹ́yìn gbogbo ìdíje ni wọn yóò fọ epo àti òróró kúrò nínú rẹ̀ kí èrò tó jókòó síbẹ̀. Ní ti ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, háyà pẹ̀lú awakọ̀ tí wọ́n mọ̀ ló dára jù.

Kí ìwé alùpùpù àti rìsíìtì tí wọ́n fi rà á wà lọ́wọ́, nítorí ọlọ́pàá lè béèrè ẹni tó ni ẹrù. Kí wọ́n gbéra ní kùtùkùtù, kí wọ́n má rìn lóru. Ẹni tó ti Òkukù gbéra, kó dúró ní Ìkìrun, kó tún àwọn bẹ́líìtì fà, nítorí gbogbo okùn ló máa ń dẹ̀ lẹ́yìn kòtò mélòó kan. Ọ̀nà láti dán an wò kò le: kí èèyàn di ìjókòó alùpùpù mú, kó sì mì í dáadáa. Bí alùpùpù nìkan bá mì, kò tíì dì í. Bí ọkọ̀ àti alùpùpù bá jọ mì pọ̀, kó wọ ọkọ̀, kó máa lọ.